Ilé, Igi, Ènìyàn: Ibi tí Agbára Àwòrán Ọmọdé Mọ Nínú Ìdánwò Làákàyè àti Ìwà

Ìfáàrà

Ohun tó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìwọ̀n ohun tí olùkọ́ tàbí olùdánwò lè tọ́ka sí nínú àwòrán tí ọmọdé yà, kí ó sì fi sọ pé báyìí ni làákàyè ọmọ náà rí, báyìí ni ìwà rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ìdánwò àwòrán kì í fi pẹ́ńsùlù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Olùdánwò ní láti sọ ohun tí ọmọ yóò yà. Bí ọmọ bá yà á tán, yóò bi í léèrè ohun tó yà. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn, ìbáà ṣe Ìṣẹ́yìn ìbáà ṣe Ṣakí, èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé e. Nítorí náà, a ó sọ ìtàn ìdánwò yìí ní ṣókí, a ó yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó dúró lé lórí wò, a ó sì fi ibi tí ìtumọ̀ ti ń sáré ju ẹ̀rí lọ hàn.

Bí ìdánwò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Oríṣi méjì ni ìdánwò yìí, kò sì yẹ kí a pa wọ́n pọ̀. Èkíní wà fún wíwọn làákàyè. Ní 1926, Florence Goodenough ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi àwòrán ọkùnrin kan ṣoṣo wọn làákàyè ọmọdé. Kò ka ẹwà àwòrán sí. Ohun tí ọmọ rántí fi sí i ni ó kà: ọrùn, ìka ọwọ́, aṣọ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó kà jẹ́ 51. Nígbà tí Dale Harris tún ìdánwò náà ṣe ní 1963, wọ́n di 73 fún àwòrán ọkùnrin.

Oríṣi kejì ń wá ìwà àti ìdààmú ọkàn. John Buck gbé tirẹ̀ jáde ní 1948. Ó ní kí ènìyàn ya ilé, igi, àti ènìyàn. Ní 1949, Karen Machover tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí àwòrán ènìyàn. Ìgbàgbọ́ àwọn wọ̀nyí ni pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn ni ọwọ́ ń gbé jáde sórí ìwé láìmọ̀. Oríṣi kejì yìí gan-an ni ó fẹ́ ìṣọ́ra jù.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a fi igi bẹ̀rẹ̀. Lédè wa, igi tó dúró nínú oko, igi tí a fi ń dáná, igi tí a fi ṣe òpó, igi ni gbogbo wọn ń jẹ́. Bí a bá sọ fún ọmọ pé 'Ya igi', tó sì ya ìtì igi gbọọrọ kan láìní ewé láìní ẹ̀ka, kò ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí olùdánwò bá fẹ́ là á yé e, tó wá ní 'Ya igi tó ní ewé', ó ti sọ ìdáhùn mọ́ ìbéèrè, nítorí pé ewé wà lára ohun tí olùtumọ̀ fẹ́ wò.

Àwọn olùtumọ̀ kan a máa sọ pé igi tí kò léwé ń tọ́ka sí ìbànújẹ́, àti pé àpá lára ìtì igi ń tọ́ka sí ọgbẹ́ ọkàn àtijọ́. Wọn a tilẹ̀ máa wọn bí àpá náà ti ga tó láti fi mọ ọjọ́ orí tí ọgbẹ́ náà bá ọmọ. Ẹ wá wo ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn nígbà ọyẹ́. Igi osè ti wọ́wé tán. Iná ìgbẹ́ ti jó ara igi emi, ó sì ti fi àpá sí i. Ọmọ Ṣakí tó ya igi olójú àpá tí kò léwé ní oṣù kìíní ọdún lè jẹ́ ọmọ tó ní ìbànújẹ́. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Àwòrán nìkan kò lè sọ èwo ni.

Ilé náà ní tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ibi tí ènìyàn ń sùn, ó lè jẹ́ agbo ilé lápapọ̀, ó sì lè jẹ́ ìdílé. Ọmọ tó ya òrùlé mẹ́rin tó yí àgbàlá ká kò ya ju ohun tí a ní kó yà lọ. Bákan náà, àwọn olùtumọ̀ a máa wo ihò èéfín orí òrùlé, bóyá ó wà tàbí kò sí, àti bí èéfín rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ilé ilẹ̀ òtútù ni ihò bẹ́ẹ̀ wà fún. Ilé onípáànù tó wà ní Ìṣẹ́yìn kò nílò rẹ̀.

Ní ti ènìyàn, Machover ka ẹni tí a kọ́kọ́ yà sí ohun ńlá, bóyá akọ ni tàbí abo. 'Ènìyàn' kò sọ akọ tàbí abo. 'Ó' tí ọmọ yóò fi ṣàlàyé kò sọ ọ́ pẹ̀lú. Bí ọmọ bá sì ní, 'Bàbá mi ni, wọ́n ń lọ sóko', ọ̀wọ̀ ni 'wọ́n' yẹn. Olùdánwò tí kò gbọ́ èdè lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ń sọ̀rọ̀ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo wà lórí ìwé. Ẹ tún wo orí. Àwọn kan ní orí ńlá lórí àwòrán ń fi àníyàn nípa ọgbọ́n hàn. Nínú ère tí àwọn agbẹ́gilére wa ń gbẹ́, orí a máa tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara, ojú a sì máa tóbi. Ipò tí Yorùbá fi orí sí ni èyí ń fi hàn. Kì í ṣe àìsàn agbẹ́gilére.

Àwòrán kì í ṣe àrokò

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé Yorùbá fúnra wọn kì í ka àmì ni? A ń kà á. Bí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, yóò mọ̀ pé ọkàn wa fà mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀fà ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó di ọ̀rọ̀ pé a jọ wà ní ìrẹ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú àrokò yé ni pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọdé kò bá olùdánwò dá májẹ̀mú kankan. Olùdánwò nìkan ni ó di àrokò náà, òun náà ni ó tú u.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní 1967, Loren Chapman àti Jean Chapman fi àwòrán ènìyàn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n so ọ̀rọ̀ nípa ìṣòro ọkàn mọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n kàn so ó bó ṣe wù wọ́n ni. Kò sí ìbátan láàrin méjèèjì. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ pé àwọn rí ìbátan: wọ́n ní ẹni tó ń fura sí ènìyàn ni ó ń ya ojú lọ́nà tó yàtọ̀. Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ tó ti ń lo ìdánwò náà ń sọ. Ohun tó wà nínú èdè àti èrò wọn ni wọ́n rí, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé.

Bí ó bá jẹ́ àwa ńkọ́? Ojú ńlá lè mú wa ronú ojúkòkòrò. Etí ńlá, elétí ikún. Ọwọ́ gígùn, afọwọ́rá. Orí ńlá, olóríkunkun. Ojú kan náà tí èdè mìíràn pè ní ìfura, èdè wa lè pè é ní wọ̀bìà. Bí ìtumọ̀ bá ń yí padà bí èdè olùtumọ̀ ti ń yí padà, a jẹ́ pé ara olùtumọ̀ ni ó ti wá.

Ọwọ́ tó mọ pẹ́ńsùlù

Ìdánwò làákàyè náà ní ààlà tirẹ̀. Iṣẹ́ tí Wayne Dennis tẹ̀ jáde ní 1942 fi hàn pé àwọn ọmọkùnrin Hopi ní Amẹ́ríkà ta àwọn ọmọbìnrin wọn yọ. Láàrin ẹ̀yà yìí, ọwọ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ ère àti àwòrán ìsìn wà. Ní 1960, ó fi hàn pé máàkì àwọn Bedouin, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àwòrán, kéré. Ní ilẹ̀ wa, C. G. M. Bakare kọ̀wé ní 1972 lórí ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà nínú ìdánwò Goodenough gẹ́gẹ́ bí ipò òbí wọn láwùjọ. Goodenough fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Harris, ti gbà ní 1950 pé àìlo ọ̀rọ̀ nìkan kò sọ ìdánwò di èyí tó bá gbogbo ènìyàn mu.

Iṣẹ́ Robert Serpell ní 1979 ni ó là á jù. Ó fi ọmọ Lusaka àti ọmọ Manchester wéra. Nígbà tí wọ́n lo pẹ́ńsùlù, ọmọ Manchester borí; nígbà tí wọ́n fi wáyà ṣe é, ọmọ Lusaka borí; nígbà tó di amọ̀, wọ́n dọ́gba. Ẹ wá ro ọmọ tó dàgbà sídìí òfì ní Ìṣẹ́yìn, tó ń ka òwú, tó sì ń rántí ọnà inú aṣọ. Ẹ ro ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ wàláà ní ilé-kéú, níbi tí ọ̀pọ̀ alùfáà kò ti fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Bí àwòrán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá ní ìka ọwọ́, ṣé làákàyè ni kò ní, tàbí ìrírí pẹ́ńsùlù?

A kò wí pé àwòrán kò wúlò rárá. Ní 2014, Rosalind Arden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ìbejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbátan wà láàrin àwòrán tí wọ́n yà ní ọmọ ọdún 4 àti làákàyè wọn ní ọdún 14, ṣùgbọ́n 0.20 péré ni, bí a bá pe ìbáramu pátápátá ní 1. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọmọ kan sí èkejì, ìdá 4 péré nínú 100 ni ó bá àwòrán lọ. Èyí tó fún onímọ̀ láti wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ pọ̀; kò tó láti fi dájọ́ ọmọ kan.

Àgbálọgbábọ̀

Àbá wa fún olùkọ́ àti olùdánwò kò pọ̀. Èkíní, kí a kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi pàṣẹ fún ọmọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì, kí a jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó yà, kí a sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi àmì kan ṣoṣo ṣèdájọ́. Ẹ̀kẹrin, kí a fún un ní amọ̀ tàbí òwú pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ẹ̀karùn-ún, bí àwòrán bá kọ wá lóminú, kí ó rán wa lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ, òbí rẹ̀ àti onímọ̀ ìlera. Kí ó má rán wa lọ kọ èsì.

Orúkọ tí a bá fún ọmọ nílé ìwé kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olódo ní kíláàsì kejì lè máa gbé e kiri títí yóò fi jáde. Bí a ó bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí ìwé, ó yẹ kí ẹ̀rí wa ju igi kan tí kò léwé lọ.