Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń lọ sí Ṣáínà, ẹ má ṣi ọjọ́ tó wà lójú físà kà

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa tó ń lọ ra bàtà, aṣọ, iná sólà àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ṣáínà ló mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ yúànì, wọ́n mọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ojúlówó, wọ́n sì mọ ẹni tí yóò bá wọn kó ẹrù sínú kọ̀ǹténà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ka ohun tó wà lójú físà wọn fún yín, wàhálà dé nìyẹn. Ohun tí àjẹńtì bá sọ ni wọ́n ń gbà gbọ́, bẹ́ẹ̀ àjẹńtì ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá Guangzhou bá ní kí wọ́n mú ìwé ìrìnnà wọn wá.

Ibi mẹ́ta ló yẹ kí ojú yín kọ́kọ́ lọ. Wọ́n kọ “Enter Before” síbì kan, ọjọ́ tó sì wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí físà náà kò ní ṣeé fi wọ Ṣáínà mọ́ tó bá ti kọjá. Kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀ rárá o. Èyí tí wọ́n kọ “Duration of Each Stay” sí ló ń sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè lò, ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé ni wọ́n sì ti ń kà á. “Entries” ni iye ìgbà tẹ́ ẹ lè wọlé.

Ká ní ìyá oníbàtà kan láti ọjà Balógun gba físà tó ní 20 oṣù kẹfà lójú “Enter Before”, ọjọ́ 30, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Ó balẹ̀ sí Guangzhou ní 12 oṣù kẹrin nítorí ìpàtẹ ọjà Canton tí wọ́n máa ń ṣe nígbà ìrúwé. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá a ṣe bàtà kò tètè parí iṣẹ́, màmá wá ní kò séwu, ṣebí ó di oṣù kẹfà. Irọ́ ni. Kí oṣù karùn-ún tó dé ìdajì, ọjọ́ 30 rẹ̀ ti pé. Àmọ́ ká ní 18 oṣù kẹfà ló wọlé, ọjọ́ 30 rẹ̀ ṣì máa pé pérépéré, yóò sì wọ inú oṣù keje láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Òfin ìwọlé àti ìjáde Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù keje ọdún 2013, sọ pé wọ́n lè kìlọ̀ fún ẹni tó bá kọjá ọjọ́ rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo, yúànì 500 ni fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, títí dé 10,000, tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lè di yúànì 5,000. Bàtà mélòó ni owó yẹn kò ní rà? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tíì parí gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde, ó kéré tán ní ọjọ́ 7 kí tirẹ̀ tó pé. Wọ́n sì lè má fún un.

Pàkúté mìíràn ni Hong Kong. Lábẹ́ òfin ìwọlé, ẹni tó bá kọjá sí Hong Kong ti jáde nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ló wà lójú físà yín, ó ti parí, ẹ ò lè padà wá kó ọjà yín ní Guangzhou láìgba òmíràn. Ọmọ Nàìjíríà sì nílò físà Hong Kong lọ́tọ̀.

Ẹ tún wo lẹ́tà tó wà lójú rẹ̀. M ni ti òwò, ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò Ṣáínà tẹ́ ẹ fẹ́ bá ṣe tàbí ti ìpàtẹ ọjà ni wọ́n fi ń béèrè fún un. L ni ti ìgbafẹ́, Z ni ti iṣẹ́. Físà M kò fún yín láṣẹ láti gbaṣẹ́ níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ ìlú yín.

Ẹni tó bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, hòtẹ́ẹ̀lì ló máa bá a forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ lẹ wọ̀ sí ní Xiaobei kẹ́ ẹ lè dín owó kù, ẹ̀yin tàbí onílé gbọ́dọ̀ lọ fi tó ọlọ́pàá àdúgbò létí láàárín wákàtí 24. Ẹ gba ìwé tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà, torí wọ́n máa béèrè rẹ̀ tẹ́ ẹ bá wá fi ọjọ́ kún ọjọ́.