Òótọ́ àbí irọ́? Iná kì í jó àfi bí ẹnìkan bá ṣáná sí i

Bí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bá jóná lóru, kíá la ó ti mú ẹni tó ṣe é: ọ̀tá ni, tàbí ọmọṣẹ́ tó ń mu sìgá. Ìgbàgbọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkísà tí epo pupa ti dà sí wà nílé ìdáná wa, kò sì gbiná rí. Kódà èyí tó rin gbingbin fún kẹrosíìnì kò ní jó bí iná kò bá kàn án.

Àmọ́ òróró lìnsíìdì yàtọ̀. Ara hóró flax ni wọ́n ti ń fún un. Ní ọ̀rúndún 15, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi po ọ̀dà. Àwọn káfíńtà ń fi kun àga àti tábìlì, àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì sì ń fi pa igi wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ń gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Rárá o! Omi ń fẹ́ lọ ni. Òróró yìí ń gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra ni, ìyẹn ló fi ń le gbagidi, ooru sì ń ti ara rẹ̀ jáde. Epo pupa kì í le bẹ́ẹ̀, kẹrosíìnì sì ń fẹ́ lọ ní tirẹ̀.

Lórí pátákó, afẹ́fẹ́ á gbé ooru náà lọ. Ká àkísà rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀, ooru ò ní rọ́nà jáde. Bó ṣe ń gbóná ni òróró ń yára gba ọ́síjìn sí i, títí iná yóò fi sọ.

Ẹ wo Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ní February 23, 1991, àkísà òróró lìnsíìdì tí àwọn tó ń tún pátákó ara ògiri ṣe fi sílẹ̀ dáná sí àjà 22 ilé One Meridian Plaza, ilé alájà 38. Ó jó ju wákàtí 18 lọ. Panápaná mẹ́ta kú. Àjà 30, níbi tí ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi wà, ni iná náà ti dúró.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ èèyàn. Nítorí náà, irọ́ ni.

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká àkísà òróró jọ. Ẹ sá a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan síta títí yóò fi le, tàbí kí ẹ rì í sómi nínú agolo onírin tó ní ìdérí.