Ta Ni Yóò Ṣe Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Jẹ Iná Wa Tán?

 

Ní sáà tó kọjá, à ń kọ́ nípa tìránsísítọ̀ nínú yàrá ìdánrawò nígbà tí iná lọ. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Olùkọ́ wa mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ya ohun tí à bá fojú rí sára pátákó. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ó sì gbé ìbéèrè kan sí wa lọ́kàn: àwa tí iná kì í tó, ṣé kì í ṣe àwa gan-an ló yẹ kí a kọ́ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀rọ tí kì í jẹ iná púpọ̀?

Gbogbo ayé ló ń wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àjọ IEA, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé, ṣírò pé àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà íntánẹ́ẹ̀tì jọ sí jẹ nǹkan bíi 1.5 nínú 100 iná mànàmáná tí ayé lò ní 2024. Wọ́n ní iye iná tí wọ́n ń jẹ lè ju ìlọ́po méjì lọ ní 2030.

Kí ló ń jẹ ẹ́? Ṣíìpù ni, èérún sílíkọ́nì tí ọ̀kẹ́ àìmọye tìránsísítọ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí, ó ń pa bí ìlẹ̀kùn, ó sì ń bu iná díẹ̀ jẹ nígbàkúùgbà. Bí ó bá ṣe yára tó ni yóò ṣe jẹun tó. Ṣùgbọ́n ti fóólítì ló le jù: bí a bá dín in kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni iná tí yóò máa jẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí fóólítì bá ti kéré, ẹ̀rọ kò lè sáré mọ́.

Ibí yìí ni ọmọ wa kan ti bá wọn dá sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Olukotun ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n kó ọpọlọ púpọ̀ tí ń rọra ṣiṣẹ́ sórí ṣíìpù kan, dípò ọ̀kan ṣoṣo tí ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹni tó bá mọ ọ̀wẹ̀ lóko ti mọ ohun tí wọ́n ń wí: àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ọpọlọ méjì bá pín iṣẹ́ ẹyọ kan ṣe, tí wọ́n lo ìdajì eré àti ìdajì fóólítì, lórí ìwé, ìdá kan nínú mẹ́rin iná ni wọn yóò jẹ. Lóòótọ́, fóólítì kì í gbà kí a rẹ òun sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé pín, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ pọ̀.

Ní 2000, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn dá ilé-iṣẹ́ Afara Websystems sílẹ̀. Afárá! Àwa tí wọ́n máa ń fi Yorùbá wa ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá lọ ilé ọdún, inú wa dùn nígbà tí a rí ọ̀rọ̀ yìí. Sun Microsystems ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2002. Ní 2005, iṣẹ́ wọn jáde bí UltraSPARC T1: ọpọlọ 8 lórí ṣíìpù kan, iná rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi wáàtì 70 lọ, bíi ti gílóòbù àtijọ́ kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́ irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀? Wọn kì í fi ìwé kíkà nìkan tọ́ ọ. Ní 1978, Lynn Conway kọ́ kíláàsì kan ní MIT níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ya ṣíìpù tirẹ̀, tí wọ́n bá a ṣe é, tí wọ́n sì dá a padà fún un láti dán an wò. Wọ́n kó àwòrán ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ kí ìnáwó lè dín kù, bí èrò inú mọ́tò kan ṣe ń pín owó ọkọ̀ san.

A kò ní fábríìkì ṣíìpù níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ní 2020, Google àti SkyWater ṣí ìlànà yíya ṣíìpù fábríìkì kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ náà ni Magic tí a fi ń ya á, àti ngspice tí ń ṣírò iná tí yóò jẹ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó láti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí a má kàn máa bi ara wa pé, "Ṣé ó ṣiṣẹ́?" Láti orí iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú yàrá ìdánrawò, kí a máa béèrè pé, "Iná mélòó ló jẹ?" kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí omi kì í tó kì í fi omi ṣòfò. Àwa tí iná kì í tó yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ìyà wa di ìmọ̀.