Ìsinmi oṣù kẹwàá: Ṣé ó yẹ kí ẹ fi etíkun kún àwọn ìlú tí ẹ fẹ́ lọ?

Bí òjò ṣe ń palẹ̀ mọ́, tí ìsinmi Òmìnira ti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá àti ìsinmi àárín sáà àwọn ọmọ ilé ìwé ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kabba àti agbègbè rẹ̀ ló ti ń ṣètò ìrìnàjò. Kì í sábà jẹ́ ìlú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti san owó ọkọ̀ dé Àkúrẹ́ á ní kí òun kúkú fojú kan Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá dé Ilé-Ifẹ̀ á ní Abẹ́òkúta kò jìnnà mọ́. Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè pé: "Ṣé a ò wá ní dé etí òkun ni?"

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú. Okun ni gbogbo ayé ń pe àwọn èèyàn Kabba, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ṣùgbọ́n inú ìkíni wọn ni orúkọ yẹn ti wá, kì í ṣe inú omi. Ọmọ Okun púpọ̀ ló wà tí kò fojú kan òkun rí.

Ká mú àpẹẹrẹ ìdílé kan. Bàbá jẹ́ tíṣà, ìyá ń ta aṣọ lọ́jà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: èyí àkọ́kọ́ wà ní SS2, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Màmá àgbà tó bí bàbá, tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ń bá wọn lọ. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n ní. Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni Kabba sí Ìdànrè, Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo, Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì padà sílé. Màmá àgbà ló wá sọ pé òun fẹ́ rí òkun kí òun tó kú. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Ẹ ka ọjọ́ kí ẹ tó ka owó

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé etíkun kò dà bí àwọn ìlú yòókù. Ìdànrè, Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo wà lójú ọ̀nà; bí ẹ bá kúrò ní ọ̀kan, ẹ ti ń lọ sí èkejì nìyẹn. Òpin ọ̀nà ni òkun wà. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a ni, ẹ ó sì tún gòkè padà wá. Láti Abẹ́òkúta sí Èkó kò tó 100 kìlómítà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti wọ Èkó rí ló mọ̀ pé gosiloo lè jẹ wákàtí mẹ́ta níbi tí kò yẹ kó ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

Ìdí nìyí tí sísùn ọjọ́ kan létíkun kì í fi í pé. Ìrọ̀lẹ́ lẹ ó dé, ó ti rẹ àwọn ọmọ, ẹ ó wo omi fún wákàtí kan, ilẹ̀ á ṣú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ti ń di ẹrù. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ti lọ, kò sì sí ẹni tó gbádùn ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ fi etíkun kún ètò, ẹ fún un ní alẹ́ méjì, kí ẹ ní odidi ọjọ́ kan láàárín. Bí kò bá sí àyè fún alẹ́ méjì, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ọjọ́ ìpadàbọ̀. Láti Èkó sí Kabba jẹ́ ìrìn odidi ọjọ́ kan, ètò ààbò ojú ọ̀nà lásìkò yìí kò sì gba kí ẹnikẹ́ni máa rìn lálẹ́. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹ gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó wá sùn sí Àkúrẹ́, kí ẹ sì wọ Kabba ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí etíkun máa gbà lọ́wọ́ yín tó mẹ́ta.

Nínú ọjọ́ mẹ́fà, ìdílé yìí kò lè rí gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá mú òkun, wọ́n ní láti yọ Ìdànrè àti Òṣogbo. Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600, èyí tí màmá àgbà kò lè gùn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005, kò ní sá lọ. Ìrìn ọjọ́ méjì lè gbé wọn débẹ̀ nígbà mìíràn.

Báwo ni ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí?

Oṣù kẹwàá ní Kabba kò rí bákan náà pẹ̀lú oṣù kẹwàá ní Èkó. Lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, òjò máa ń padà sí apá gúúsù ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kó tó wá lọ pátápátá. Ẹ lè débẹ̀ kí oòrùn máa ràn, ẹ sì lè jókòó sínú yàrá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí òjò. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni etíkun máa ń dára jù, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Nílé níbí náà, oṣù yìí ni omi Ọya àti Bẹ́núé máa ń kún jù ní Lọ́kọ́jà. Ní ọdún 2012 àti 2022, omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Abuja. Bí ẹ bá ní ẹbí tó fẹ́ ti Abuja wá bá yín kí ẹ lè jọ lọ, kí wọ́n gbọ́ ìròyìn ojú ọ̀nà kí wọ́n tó gbéra.

Odò wíwẹ̀ yàtọ̀ sí òkun

Èyí ni apá tó yẹ kí òbí kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó mọ odò wẹ̀ nílé lè rò pé òun mọ omi. Odò ń ṣàn lọ síbì kan. Òkun ń lọ, ó tún ń bọ̀. Bí ìgbì bá ti da omi sórí iyanrìn, omi náà gbọ́dọ̀ padà. Nígbà mìíràn á gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà pẹ̀lú agbára, á sì máa wọ́ ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ lọ sínú agbami. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ojú ibẹ̀ lè dà bíi pé ó pa rọ́rọ́ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àlejò máa ń yàn láti wọ omi.

Ẹni tó bá bọ́ sí irú ibẹ̀, tó ń bá omi jà láti padà tààrà sí èbúté, agbára rẹ̀ ló ń pa. Ohun tí àwọn tó mọ òkun ń kọ́ni ni pé kí ẹni náà má jà. Kó léfòó, kó na ọwọ́ sókè láti ké pe ìrànlọ́wọ́, bó bá sì mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí tó fi máa bọ́ kúrò lójú ọ̀nà omi náà. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ́ wọ inú omi tẹ̀lé e. Kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí okùn sí i, kó sì pariwo pe àwọn tó ń ṣọ́ omi.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Lásìkò òjò, òfin ìdílé yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan: omi kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá mọ̀ pé àwọn ọmọ yín kò ní gbà, ẹ dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Etíkun wo lẹ fẹ́?

Òkun kan náà ni, àmọ́ ibi tí ẹ ti máa wò ó yàtọ̀ síra. Apá Lekki ní Èkó ni mọ́tò ti lè gbé èèyàn dé tòsí iyanrìn, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún àgbàlagbà. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, èrò àti ariwo orin kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ìgbì. Àǹfààní mìíràn ni pé Nike Art Gallery wà ní Lekki, ilé iṣẹ́ ọnà alájà márùn-ún tí Olóyè Nike Okundaye dá sílẹ̀. Ọmọ Ògidì ní Ìjùmú ni màmá yìí. Lekki Conservation Centre náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú afárá orí igi rẹ̀ tó gùn ní mítà 401. Bí òjò bá lé yín kúrò létí omi, ẹ ṣì ní ibi tí ẹ máa lọ.

Ẹni tó bá ti pẹ́ tó ti wá sí Èkó gbẹ̀yìn kó béèrè kó tó gbéra. Bar Beach tí àwọn òbí mọ̀ nígbà èwe ti di Eko Atlantic. Ní ọdún 2024 náà, iṣẹ́ ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Calabar ba ọ̀pọ̀ ilé ìtajà jẹ́ ní etíkun Landmark. Tarkwa Bay ní tirẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé ibẹ̀.

Àgbádárìgì wà fún ẹni tó fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ nǹkan. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú. Láti ìlú, ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, kí ẹ tó rìn lórí iyanrìn dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀, tó kọjú sí òkun. Ìrìn náà kò rọrùn fún arúgbó. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì náà gba sùúrù.

Ìtàn yẹn kàn ọmọ Okun gan-an. Nígbà ogun Núpé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ èèyàn agbègbè yìí ni wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n sì tà dé etíkun. Àwọn kan lára wọn bá ara wọn ní Freetown, ní Sierra Leone, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú agbami. Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, bi irú wọn léèrè nípa èdè wọn, ó sì tẹ ìwé Polyglotta Africana jáde ní 1854. Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ wà lára àwọn èdè tó kọ síbẹ̀. Ọmọ SS2 tó bá mọ èyí kó tó dúró níwájú òkun, kò ní fi ojú eré lásán wo omi náà.

Fún ẹni tó ń wá òkun tó sún mọ́ Kabba jù, ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Ọ̀nà máa gbé yín gba Òkìtìpupa dé Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ló kù síwájú. Àmọ́ Ayétòrò, ìlú àwọn Àpọ́sítélì tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ láti ọdún pípẹ́, tó sì ti gbé ilé púpọ̀ lọ. Kò yẹ kéèyàn lọ fi ibẹ̀ ṣe fàájì pẹ̀lú ọmọ kékeré ní oṣù kẹwàá.

Owó àti ọkọ̀

Owó etíkun kì í parí sí ẹnu géètì. Ẹ máa san owó ìwọlé, ẹ máa san owó àga àti ibòòji, ẹni tó ní ẹṣin á gbé ọmọ yín gùn ún kó tó dárúkọ iye rẹ̀. Ẹ béèrè iye gbogbo nǹkan kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá lè gbé oúnjẹ dání, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n gbà á láàyè.

Ẹni tí kò gbé mọ́tò tirẹ̀ lọ lè wọ rélùwéè láti Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, máa ń dúró ní Láderin, á sì já èrò ní Ẹ̀búté Mẹ́ta láìwọ gosiloo. Tí Àgbádárìgì bá lẹ ń lọ, ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2.

Ní ti ọkọ̀ ojú omi, àjọ NIWA, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà wa níbí, kì í yé kìlọ̀: kí gbogbo èrò wọ life jacket, kí ọkọ̀ má sì rìn lálẹ́. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní èyí tó wọ ọmọ ọdún márùn-ún yín lára, ẹ má wọ ọkọ̀ náà.

Kí wá ni kí ẹ ṣe?

Bí ọjọ́ márùn-ún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ lẹ ní, ẹ fi òkun sílẹ̀. Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta ti tó yín. Bó bá jẹ́ pé wíwẹ̀ nínú òkun ni ẹ̀ ń lọ fún, ẹ sún un di oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní, kí ẹ sì yan ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ omi wà.

Ti ìdílé inú àpẹẹrẹ yìí yàtọ̀ nítorí màmá àgbà. Lóòótọ́ ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dára jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní 70 kọ́ ni wọ́n ń sọ fún pé kó máa dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n dín ìlú kù, kì í ṣe kí wọ́n fún ọjọ́ pọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní, Kabba sí Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ kejì, kí wọ́n wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láàárọ̀, kí wọ́n sì sùn sí Abẹ́òkúta. Ọjọ́ kẹta, Òkè Olúmọ láàárọ̀, Èkó lọ́sàn-án. Ọjọ́ kẹrin, Lekki, òkun nìkan. Ọjọ́ karùn-ún, Àkúrẹ́. Ọjọ́ kẹfà, ilé.

Kí wọ́n gbé àga kékeré kan dání. Kí wọ́n gbé e sórí iyanrìn gbígbẹ, jìnnà sí ibi tí omi ń dé, kí màmá jókòó síbẹ̀ pẹ́ tó bá ṣe wù ú. Kí àgbàlagbà kan di ọwọ́ àbíkẹ́yìn mú títí wọ́n á fi kúrò níbẹ̀.