Ìsinmi, Ọ̀sẹ̀ àti Ìpalẹ̀mọ́: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó So Mọ́ Pípa Ọjọ́ Keje Mọ́

Ọjọ́ ìsinmi ni Bíbélì Yorùbá ń pe ọjọ́ keje tí àwọn Júù mọ̀ sí Sábáàtì. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ọlọ́run ti fi ọjọ́ mẹ́fà dá ayé, tí ó sì ṣíwọ́ ní ìkeje. Ṣíṣíwọ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Hébérù náà gbé dání: kí ènìyàn jáwọ́ nínú iṣẹ́, yálà ó rẹ̀ ẹ́ tàbí kò rẹ̀ ẹ́. "Sinmi" ti Yorùbá kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ṣe làálàá ni wọ́n máa ń ní kó sinmi: alárùú tó sọ ẹrù kalẹ̀, àgbẹ̀ tó fẹ̀yìn ti igi kòkó nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Olóògbé náà, wọ́n á ní ó ti lọ sinmi. Ilẹ̀ pàápàá ń sinmi. Oko tí ẹ̀gẹ́ bá ti fà gbẹ, wọ́n á pa á tì fún ọdún díẹ̀ kó lè tún lọ́ràá. Èyí tó kẹ́yìn yìí bá Òfin Mósè mu dáadáa, torí ìwé Léfítíkù pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìro ní gbogbo ọdún keje.

Kí Bíbélì tó dé, Yorùbá ti ní ọjọ́ tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ mẹ́rin ló ń yí po: ọjọ́ Awo jẹ́ ti Ifá, Ògún ní tirẹ̀, Jàkúta jẹ́ ti Ṣàngó, Ọbàtálá náà sì ní tirẹ̀. Àwọn àgbà a máa ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọrún, bí ẹni pé márùn-ún ni. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, olórìṣà á gbá ojúbọ, á pọn omi tuntun sí i, á fi obì bọ òrìṣà rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í roko lọ́jọ́ náà, èèwọ̀ ni.

Ká sòótọ́, ọ̀sẹ̀ yìí sún mọ́ Sábáàtì ju ìsinmi lọ. Ọjọ́ tó ń padà wá ni, ó ní ẹni tó ni ín, iṣẹ́ kan sì wà tí kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ìsinmi ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí Samuel Àjàyí Crowther àti Thomas King wà lára wọn, fi pe ọjọ́ keje. Ọ̀sẹ̀ wá di orúkọ ọjọ́ méjèèje lápapọ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ ilé ìwé lónìí kò mọ ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí Sábáàtì fúnra rẹ̀. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, nígbà tí Farisí ń fọ́nnu pé òun ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, Sábáàtì ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Ọjọ́ mímọ́ ló sọ àwọn ọjọ́ yòókù lórúkọ.

Ìjàyè wà lára àwọn ìlú tí ẹ̀kọ́ Kristẹni kọ́kọ́ dé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1853, Thomas Jefferson Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà àti Adolphus Mann ti ìjọ CMS tẹ̀dó síbẹ̀, nígbà tí Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, wà lórí oyè. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn méjèèjì ń kọ́ni láti máa sìn. Ogun Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, àwọn ọmọ ìjọ fọ́nká, ọ̀pọ̀ gba Abẹ́òkúta lọ. Ṣùgbọ́n àṣà náà kò bá ìlú fọ́. Títí dòní, bí ọ̀pọ̀ Kristẹni Yorùbá bá dárúkọ ọjọ́ ìsinmi, Sọ́ńdè ló wà lọ́kàn wọn, torí ọjọ́ náà ni Jésù jíǹde. Òfin ìjọba tó kọ́kọ́ sọ Sọ́ńdè di ọjọ́ àìṣiṣẹ́ ti pẹ́: Constantine, ọba Róòmù, ló ṣe é ní 321. Ó ní kí àwọn adájọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ inú ìlú sinmi, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda àgbẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ, kí àkókò ìgbìn má bàa kọjá. Òfin Mósè kò fún àgbẹ̀ ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìwé Ẹ́kísódù ní kó sinmi ní ìgbà ìtúlẹ̀ àti ní ìgbà ìkórè pàápàá.

Ẹrúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1914, David Babcock, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní Sàró, mú ìjọ Seventh-day Adventist wọ Nàìjíríà, ó sì fi ìlú kékeré yìí ní ẹ̀bá Ìbàdàn ṣe ibùdó. Ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1863 ni. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé ọjọ́ keje kò tíì yẹ̀, Àbámẹ́ta ló ṣì jẹ́. Ìyọnu kan ló wà níbẹ̀: Sọ́ńdè ti gba orúkọ náà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí Adventist bá ní òun ń lọ sí ìsìn ọjọ́ ìsinmi, aládùúgbò rẹ̀ á rò pé ó di ọjọ́ Àìkú. Aráàlú fúnra wọn ló yanjú rẹ̀. Wọ́n pè wọ́n ní oníjọ Sátidé, kò sì sí ẹni tó tún ṣì í gbọ́. Ní èdè Lárúbáwá àti ti Sípéènì, kò sí irú ìṣòro yìí, torí inú Sábáàtì ni wọ́n ti fa orúkọ ọjọ́ náà yọ. Orúkọ Babcock ni yunifásítì ìjọ náà ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ ń jẹ́ láti 1999, kì í sì í sí kíláàsì níbẹ̀ ní Sátidé.

Pípa á mọ́ ńkọ́? Ènìyàn a máa pa owó mọ́, a máa pa àṣírí mọ́. Ohun tó ṣeyebíye tó lè sọnù ni wọ́n ń pa mọ́. Òfin Mẹ́wàá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú Bíbélì. Ẹ́kísódù ní kí wọ́n rántí ọjọ́ náà, Diutarónómì ní kí wọ́n pa á mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni yíyà á sí mímọ́, bí ìgbà tí wọ́n ya irúgbìn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n máa jẹ. Òdìkejì rẹ̀ ni bíba ọjọ́ náà jẹ́: ọjà títà, oko ríro, iṣẹ́ owó. Títọ́jú aláìsàn kò sí lára rẹ̀, Jésù sì sọ pé ẹni tí àgùntàn rẹ̀ bá jìn sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi yóò fà á jáde.

Ọ̀rọ̀ tó lágbára jù fún obìnrin inú ilé ni ìpalẹ̀mọ́. Ìhìn Rere Máàkù fi í pe ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìsinmi, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì. Omi pípọn, aṣọ lílọ̀, ọbẹ̀ sísè, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó wọ̀. Iṣẹ́ gàrí ló le jù. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá bó tí wọ́n sì lọ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á rọ ọ́ sí àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, omi ti jò tán, ó ti kan, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á yan án. Èyí tí wọ́n bá lọ̀ lọ́jọ́rú, Sátidé ló máa tó yan. Ẹni tó ń pa ọjọ́ náà mọ́ á fi í sílẹ̀ lábẹ́ jáàkì di Sọ́ńdè. Gàrí rẹ̀ á kan ju ti ẹlòmíràn lọ, èyí tí àwọn tó fẹ́ràn gàrí Ìjẹ̀bú kò ní kà sí ìyà.

Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà ń bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ló ń parí, torí Bíbélì ń ka ọjọ́ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Ní agbègbè Ìbàdàn, èyí kò le: jálẹ̀ ọdún, ẹ̀gbẹ́ aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni oòrùn ń wọ̀. Ọmọ Yorùbá tó jẹ́ Adventist ní Lọ́ńdọ̀nù ló rí ìjà. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ níbẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà, ó di ẹ̀yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Wọ́n máa ń fi Jímọ̀ wé ọjọ́ ìsinmi, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Súrà kejìlélọ́gọ́ta nínú Kùránì ní kí Mùsùlùmí fi òwò sílẹ̀ bí wọ́n bá pe ìrun Jímọ̀, kó sì padà lọ wá oore Ọlọ́run lẹ́yìn ìrun.

Ọjà ni ìdánwò ńlá ní abúlé. Ọjà ọrún, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, á bọ́ sí Sátidé lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28. Ọjà ìsán, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, á bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 56. Oníṣòwò tó ń pa ọjọ́ keje mọ́ ti mọ èyí tí yóò pàdánù ṣáájú. Ti ìjọba àti ti àríyá ni kò ṣeé yẹ̀: ìbò ààrẹ ọdún 2015, 2019 àti 2023, Sátidé ni gbogbo wọn, Sátidé náà sì ni ìgbéyàwó pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ oníjọ Sátidé bá òun ṣe ìnáwó, kó mú ọjọ́ Àìkú, tàbí kó jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀.