Irin 7 Àtijọ́, Irin 7 Òde Òní: Èwo Ló Ń Parọ́?

Bàbá mi pè mí lórí fóònù láti ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta igi gọ́ọ̀fù. Inú wọn dùn débi pé wọn ò jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Irin 7 tuntun yìí ti sọ mí di ọ̀dọ́ o! Tèmi àtijọ́, yáàdì 120 ló ń gbé bọ́ọ̀lù dé. Eléyìí gbé e dé 137!"

Ẹni tó ń tajà ti sọ fún wọn pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé ni. Odidi àpò kan ni wọ́n fẹ́ rà, owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n sì fẹ́ fi rà á. Mo ní, "Dáádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dọjọ́ Sátidé."

Pápá oníhò 9 tó wà ní IITA, nílùú Ìbàdàn, ni bàbá mi ti ń gbá gọ́ọ̀fù tẹ́lẹ̀. Ọdún 8 sẹ́yìn, lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, wọ́n gbé àpò wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn ò sì gbé e mọ́. Wọn ò sọ ìdí ẹ̀ fún mi, èmi náà ò béèrè. Ṣùgbọ́n mo mọ iye tí owó ilé ìwé jẹ́ lọ́dún yẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ḿbà tàn wọ́n jẹ.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbé irin àtijọ́ wọn dání lọ sí ìsọ̀ náà. Fóònù mi ní áàpù kan tó ń wọn bí nǹkan ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Mo gbé irin kọ̀ọ̀kan sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ nàró, mo wá fi fóònù ti ojú irin. Òṣùwọ̀n yìí lè fi dígírì kan tàbí méjì ṣìnà, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ju ìyẹn lọ. Irin 7 àtijọ́: dígírì 36. Irin 5 àtijọ́: dígírì 28. Irin 7 tuntun: dígírì 29.

Ṣé ẹ rí i? Irin 5 ni wọ́n kọ 7 sí lára.

Bí ojú irin bá ṣe dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn tó ni bọ́ọ̀lù á ṣe lọ sókè tó. Bó bá nàró díẹ̀ sí i, agbára tó yẹ kó gbé bọ́ọ̀lù ròkè á máa tì í síwájú, bọ́ọ̀lù á sì jìnnà sí i. Nínú àwọn irin àtijọ́, nǹkan bíi dígírì 4 ló máa ń wà láàárín nọ́ḿbà kan àti èkejì, ìyẹn sì máa ń tó nǹkan bíi yáàdì 10. Nítorí náà, dígírì 7 nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti ṣàlàyé yáàdì 17 tí bàbá mi ń yọ̀ lé lórí. Kò sí òfin tó sọ iye dígírì tí irin 7 gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹni tó ń tajà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn." Òótọ́ ló sọ.

Àbí jìbìtì wá ni gbogbo rẹ̀? Rárá o. Mo ní kí bàbá mi fi irin 5 àtijọ́ gbá bọ́ọ̀lù 10, kí wọ́n fi irin 7 tuntun gbá 10. Nígbà tí wọ́n bá gbá irin 5 dáadáa, ibì kan náà ni bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n 3 péré ni wọ́n gbá dáadáa nínú 10. Ti irin tuntun, 7.

Ọ̀pá irin tuntun kúrú díẹ̀ ju ti irin 5 àtijọ́ lọ, ìyẹn náà ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwúwo orí rẹ̀ wà ló ṣe pàtàkì jù. Irin bàbá mi pẹlẹbẹ ni, ìwúwo rẹ̀ gbá jọ sáàárín. Ti tuntun, wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jinkòtò, wọ́n kó ìwúwo náà lọ sí etí rẹ̀ yí ká àti sí ìsàlẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ṣì ròkè bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú irin nàró. Èyí tó wà létí ni kì í jẹ́ kí irin yí lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù ò bá bá àárín rẹ̀.

Ẹ wo aláàárù tó ru pákó gígùn. Kò rọrùn fún un láti yíjú sẹ́yìn bíi ti ẹni tó ru àpò gaàrí, kódà bí ẹrù méjèèjì bá wúwo bákan náà. Àwọn onífísíìsì ń pe ìkọ̀láti-yí yìí ní moment of inertia. Bí ẹ bá gbé gíráàmù 20 láti sẹ̀ǹtímítà 1 sí àárín lọ sí sẹ̀ǹtímítà 3, ìjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po 3, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń kọ̀ láti yí di ìlọ́po 9.

Karsten Solheim ló sọ ọgbọ́n yìí di ńlá nínú gọ́ọ̀fù. Wọ́n bí i ní Nọ́wè lọ́dún 1911, ó di ẹnjiníà ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ó sì ti lé ní ẹni 40 ọdún kó tó kọ́ gọ́ọ̀fù. Bọ́ọ̀lù ò fẹ́ wọ ihò fún un, ó bá kó ìwúwo igi tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò lọ sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Lọ́dún 1959 ló dá ilé iṣẹ́ PING sílẹ̀. Ìró tí igi náà ń dún ló fi sọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọgbọ́n yìí dé ara irin.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ padà sídìí gọ́ọ̀fù, ẹ má wo nọ́ḿbà. Ẹ béèrè dígírì. Ẹ béèrè ti irin tí wọ́n kọ P sí pàápàá. Ti bàbá mi jẹ́ 49, ti tuntun jẹ́ 44, irin iyanrìn wọn sì jẹ́ 56. Àlàfo dígírì 7 á wá di 12, owó irin mìíràn tí ẹ máa fi dí i nìyẹn. Òfin ò sì gbà ju igi 14 lọ nínú àpò.

Ẹ tún wo ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá irin tó wọ́pọ̀ máa ń tó gíráàmù 120. Ti káàbọ́nù lè wà láàárín 50 sí 80, kì í sì í gbọ̀n ìgúnpá tó bẹ́ẹ̀. Ara tó fi gọ́ọ̀fù sílẹ̀ lọ́dún 8 sẹ́yìn kọ́ ló ń padà bọ̀.

Bàbá mi ò ra odidi àpò lọ́jọ́ náà. Irin 7 tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rà, ẹ̀yìn rẹ̀ jinkòtò, dígírì 33, ọ̀pá káàbọ́nù. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ìdìmú àwọn ti àtijọ́, torí oòrùn àti òógùn ti sọ ọ́ di gbígbẹ. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta làwọn máa fi gbá a, kí àwọn tó mọ èyí tó kù láti rà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ gbé àpò náà kọ́ èjìká. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn.