Ọ̀mọ̀ràn méjì nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox gbé ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀: bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ni kí èèyàn ṣáà tẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹ̀rọ náà le jù fún àwọn.

Ìráhùn yìí dé PARC, ibùdó ìwádìí tí Xerox dá sílẹ̀ ní Palo Alto, ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1970. Lucy Suchman wà níbẹ̀ nígbà náà. Kì í ṣe ẹlẹ́rọ rárá. Ẹ̀kọ́ nípa ìṣe àti ìgbé-ayé ẹ̀dá ló ń kà fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley. Àwọn tó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́sí, erékùṣù tó jìnnà ni wọ́n sábà máa ń lọ, wọn a bá ará ibẹ̀ gbé, wọn a máa wò wọ́n, wọn a sì máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ìdí fọ́tòkọ́pì ni Suchman lọ dúró sí ní tirẹ̀.

Ó ní kí èèyàn méjì-méjì wá lo ẹ̀rọ tí wọn kò lò rí, ó sì gbé kámẹ́rà tì wọ́n. Ẹni tó bá dá wà kì í sábà sọ̀rọ̀, àmọ́ bí ẹnìkejì bá wà níbẹ̀, wọn á máa bi ara wọn léèrè, wọn á máa jiyàn, ohun tó wà nínú wọn á sì bọ́ síta fún ẹni tó ń wò.

Nínú àwọn fídíò tó ká, ọ̀kan wà tó lókìkí ju ìyókù lọ. Ọkùnrin méjì fẹ́ da ìwé kọ ní ojú méjèèjì. Wọ́n tẹ ibí, wọ́n ka tọ̀hún, iṣẹ́ kò jáde bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n lè rò pé wọn ò rí ẹ̀rọ rí. Ron Kaplan, àgbà nínú ìmọ̀ èdè àti kọ̀ǹpútà, ni ọ̀kan. Èkejì ni Allen Newell. Newell yìí wà lára àwọn tó bí ọgbọ́n àtọwọ́dá gan-an: láàárín 1955 sí 1956, òun, Herbert Simon àti Cliff Shaw ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá wá ẹ̀rí fún àwọn àbá inú ìṣirò ìjìnlẹ̀. Ní 1975, òun àti Simon jọ gba ẹ̀bùn Turing, èyí tí kò sí ẹ̀bùn tó jù ú lọ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 1983, òun, Stuart Card àti Thomas Moran gbé ìwé kan jáde nípa bí ọpọlọ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ta la fẹ́ pè ní òpè nígbà tí fọ́tòkọ́pì bá ti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró?

Àwọn olùwádìí mìíràn ní PARC ní ojútùú tiwọn: kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbọ́n. Wọ́n so kọ̀ǹpútà kan mọ́ fọ́tòkọ́pì. Á bi ọ́ pé kí lo fẹ́ ṣe, á ro ètò rẹ̀, á wá máa fi àṣẹ hàn ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Suchman tún gbé kámẹ́rà ti ìyẹn náà. Nígbà tó wá jókòó láti kọ ohun tó wà nínú fídíò sílẹ̀, ó la ìwé rẹ̀ sí òpó mẹ́rin. Ohun tí àwọn aṣàmúlò sọ tàbí tí wọ́n ṣe, tí ẹ̀rọ kò lè mọ̀, ló wà nínú òpó kìíní. Ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ mọ̀ wà nínú èkejì. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ̀rọ fi hàn wọ́n, ẹ̀kẹrin sì ni ìdí tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ fi ní kó hàn bẹ́ẹ̀. Òpó kìíní kún dẹ́nu. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo: wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n pa á dé, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tí òfìfo yẹn ń fà. Ẹ̀rọ ní kí àwọn méjì tó ń lò ó tẹ́ ìwé sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n ṣe é. Àṣẹ kan náà tún jáde. Ṣé ojú-ìwé tó tẹ̀ lé e ló kàn ni, àbí èyí tí wọ́n ṣe kò dáa? Láàárín èèyàn sí èèyàn, bí mo bá dédé tún ọ̀rọ̀ mi sọ, wàá fura pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ìlà tó kàn nínú ètò rẹ̀ ló dé. Èyí tó burú jù ni pé àwọn méjì lè ti ṣìnà tipẹ́ kí ẹ̀rọ sì máa bá a lọ bíi pé kò sí nǹkan, nítorí pé bọ́tìnnì tó ń retí ni wọ́n tẹ̀. (Ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì tiwa, ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ló gba wàhálà yìí lọ́wọ́ wa. Bí o bá ti na káàdì ìdánimọ̀ sí i, ó ti mọ̀ pé iwájú àtẹ̀yìn lo fẹ́, lójú ewé kan ṣoṣo.)

Ìwé tí Suchman fi kó gbogbo èyí jọ, *Plans and Situated Actions*, jáde lọ́dún 1987. Àpẹẹrẹ tó fi ṣe àlàyé nínú rẹ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kékeré la ibi tí odò ti ń ru gùdù kọjá. Á kọ́kọ́ dúró lókè, á ro ọ̀nà tó máa gbà. Bí omi bá ti gbé e tán, ọwọ́ àti ara rẹ̀ ló kù tó máa fi dá omi lóhùn. Inú àwọn àgbà ọgbọ́n àtọwọ́dá kò dùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1993, Alonso Vera àti Herbert Simon fi àpilẹ̀kọ gígùn ta kò ó, Suchman náà sì fèsì. Lójú tèmi, ohun tí Suchman kò sọ ni Simon ń bá jà, torí obìnrin náà kò fìgbà kan sọ pé ẹ̀dá kì í pète. Ohun tó ní ni pé ìpète kì í ṣe ìṣe.

Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń gba àwọn tí wíwo èèyàn jẹ́ iṣẹ́ wọn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilé-iṣẹ́ ń gbọ́ tiwọn. Bí àpẹẹrẹ, láti 1993 ni Eric Horvitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Microsoft ti ń wádìí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fòye mọ ìgbà tí aṣàmúlò nílò ìrànlọ́wọ́. Wọ́n fi ọ̀jáfáfá kan pa mọ́ sí yàrá mìíràn, kó máa wo iṣẹ́ ẹlòmíràn lójú kọ̀ǹpútà, kó sì máa dámọ̀ràn bíi pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn máa ń gba ìmọ̀ràn náà gbọ́, kódà nígbà tí kò bá ọ̀rọ̀ wọn mu. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ wọn máa jáde nínú Office 97, ètò kọ̀ǹpútà tí Microsoft ń tà, wọ́n ti yọ apá tó yẹ kó máa rántí ẹni tó ń bá lò. Kílíìpù ìwé onójú ńlá kan ló kù, tó ń yọjú sí i yín nígbà tí ẹ kò pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn kórìíra rẹ̀. Ní 2001 wọ́n mú un sùn, nígbà tó sì di Office 2007, wọ́n ti yọ ọ́ pátápátá. Horvitz ti kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1999 nípa ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ dá ṣe nǹkan, ìgbà tó yẹ kó béèrè, àti ìgbà tó yẹ kó pa ẹnu mọ́. Ní 2019, Saleema Amershi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìlànà 18 jọ fún àwọn tó ń ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá. Èkínní ni pé kí ẹ̀rọ jẹ́ kó yé aṣàmúlò ohun tó lè ṣe, èkejì sì ni pé kó jẹ́ kó yé e bó ṣe lè ṣe é dáadáa tó.

Suchman kúrò ní PARC lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, ó sì lọ sí Yunifásítì Lancaster ní England. Kì í kọ̀wé nípa fọ́tòkọ́pì mọ́. Ohun ìjà tó ń dá yan ẹni tó máa pa ló ń bá jà báyìí. Òfin ogun ní kí ọmọ ogun dá ẹni tó ń jà mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò jà. Suchman ní ohun tí èèyàn ń ṣe àti ibi tó ti ń ṣe é ló ń fi ìyẹn hàn, kò sì sí bí a ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú fún ẹ̀rọ.